Ìrísí Lẹ́tà àti Ètò Ojú Ìwé nínú Àkọsílẹ̀ Ìwáṣẹ́: Ọ̀rọ̀ Ìperí àti Ìlò Wọn

Ní Ayépé, ìlú kan nílẹ̀ Ìjẹ̀bú tí ó wà lábẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Odògbolú ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ọ̀dọ́ tí ó bá jáde ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó sì fẹ́ wá iṣẹ́ kò lè ṣe kí ó má kọ orúkọ ìlú rẹ̀ sínú ìwé. Àṣà ìwáṣẹ́ ní Nàìjíríà ni pé ẹni tí ń wá iṣẹ́ a máa sọ ìpínlẹ̀ rẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ àti ìlú tí ó ti wá. Ibi tí ó bá ti fẹ́ kọ orúkọ ìlú yìí gan-an ni ìṣòro àkọ́kọ́ ti ń pàdé rẹ̀. Ṣé Aiyepe ni kí ó kọ, tàbí Ayepe, tàbí Ayépé? Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó wà nílẹ̀.

Àkọtọ́ àtijọ́ ni ó bí Aiyepe. Kí ìjọba tó fọwọ́ sí àkọtọ́ òde-òní ní ọdún 1974, aiyé, aiya àti ẹiyẹ ni ó wọ́pọ̀ nínú ìwé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n di ayé, àyà àti ẹyẹ. Ìyípadà yìí dé inú ìwé kíkà àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n kò dé inú ìwé ìjọba tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé orúkọ ìlú kì í tètè yí padà lórí máàpù àti nínú òfin. Bẹ́ẹ̀ náà ni Offa àti Ogbomosho ṣe wà nínú ìwé ìjọba títí di òní, tí ó sì jẹ́ pé Ọ̀fà àti Ògbómọ̀ṣọ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá mọ̀. Ayepe ní tirẹ̀ jẹ́ àkọtọ́ tuntun tí kò ní àmì ohùn. Ayépé ni ó pé pérépéré.

Ọ̀rọ̀ yìí lè dà bí ohun kékeré lójú ẹni tí ń wá iṣẹ́ sí ilé ìfowópamọ́ tàbí ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe sìmẹ́ǹtì. Kò kéré rárá fún ẹni tí ń wá iṣẹ́ olùkọ́ èdè Yorùbá, ògbufọ̀, tàbí akàròyìn lórí rédíò. Ìwé tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi ránṣẹ́ ni àpẹẹrẹ àkọ́kọ́ tí agbanisíṣẹ́ yóò rí nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Bí ó bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun mọ àkọtọ́ Yorùbá dójú àmì, tí ìwé náà sì dé ọwọ́ ẹni tí ó pè é ní iṣẹ́ láìní àmì kan ṣoṣo, ìwé náà ti jẹ́rìí lòdì sí i kí ó tó la ẹnu. Ó sì ṣeé ṣe kí ẹ̀bi náà má jẹ́ tirẹ̀. Ó lè ti fi gbogbo àmì sí i nílé, kí ó jẹ́ pé ìrísí lẹ́tà tí ó yàn ni ó dà wọ́n nù lójú ọ̀nà. Ẹ wo ọ̀rọ̀ kan péré: iṣẹ́ ni ohun tí ènìyàn ń wá, ìṣẹ́ ni ohun tí ó ń sá fún. Àmì ohùn kan lórí fáwẹ́lì àkọ́kọ́ ni ó pààlà sí méjèèjì, ọ̀rọ̀ náà kò sì ní ṣàìwáyé ní ìlọ́po mẹ́fà tàbí méje nínú ìwé ìwáṣẹ́ èyíkéyìí tí a kọ ní èdè Yorùbá.

Orúkọ àwọn ohun tí à ń sọ

Kí á tó lè kọ́ni bí a ti ń ṣe ohun kan, ó yẹ kí a ní orúkọ tí a ó máa pè é. Ìwé tí ẹni tí ń wá iṣẹ́ fi ń ṣàlàyé ẹ̀kọ́ àti ìrírí rẹ̀ ni gbogbo ayé ń pè ní síífíì nígboro. Ọ̀rọ̀ Látìn ni ìkékúrú náà ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ipa ọ̀nà ayé ẹni. Àwọn ará Amẹ́ríkà lo ọ̀rọ̀ mìíràn tí wọ́n yá lọ́wọ́ àwọn Faransé, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ àkékúrú tàbí àkópọ̀. Àwọn olùkọ́ kan ti dábàá ìwé ìtàn ìgbésí-ayé fún un. Àbá yìí kò dára tó, nítorí pé ìtàn ìgbésí-ayé ní ibi ìbí nínú, ó ní ìgbà èwe nínú, ó ní ìdùnnú àti ìbànújẹ́ nínú. Ẹni tí ó bá sì gba orúkọ náà gbọ́ yóò kọ ojú ewé mẹ́wàá. Ìwé ìwáṣẹ́ pẹ̀lú kò bá a mu dáadáa, nítorí pé lẹ́tà tí a kọ láti tọrọ iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi í pè. Àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ òun iṣẹ́ ni ó sọ ohun tí ó wà nínú ìwé náà gan-an, òun ni ó sì yẹ kí ó wà nínú ìwé ìkọ́ni. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, kò sí ohun tí ó burú nínú síífíì. Àkọsílẹ̀ nìkan ni àpilẹ̀kọ yìí yóò máa pè é láti ìhín lọ.

Ọ̀rọ̀ kejì le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun méjì tí ó yàtọ̀ síra ni àwọn ènìyàn ń pè ní fọ́ǹtì. Nígbà tí ó jẹ́ pé òjé ni a fi ń ṣe lẹ́tà ìtẹ̀wé, odindi ìdì lẹ́tà òjé tí a rọ pọ̀, tí wọ́n jẹ́ ìwọ̀n kan náà àti ìrísí kan náà, ni ọ̀rọ̀ yìí ń tọ́ka sí. Ọ̀rọ̀ Faransé tí ó túmọ̀ sí yíyọ́ irin ni orírun rẹ̀. Ìrísí tí àwọn lẹ́tà náà ní, yálà wọ́n jẹ́ òjé tàbí wọ́n jẹ́ iná lójú kọ̀ǹpútà, jẹ́ ohun mìíràn. Aṣọ òkè kan náà lè wà ní ìdì mẹ́wàá. Àwòrán ara aṣọ yàtọ̀ sí ìdì tí a dì í sí. Nítorí náà, ìrísí lẹ́tà ni ó yẹ fún àwòrán tí ayàwòrán lẹ́tà ṣe, fọ́ǹtì sì yẹ kí ó dúró fún ìdì náà, tí ó di fáìlì inú kọ̀ǹpútà lóde òní. Ìyàtọ̀ yìí wúlò. Ènìyàn méjì lè sọ pé ìrísí lẹ́tà kan náà ni àwọn lò, kí fọ́ǹtì ọ̀kan jẹ́ ti àtijọ́ tí kò ní ṣ, kí ti èkejì sì jẹ́ tuntun tí ó ní in.

Lẹ́tà tí ó ní ìrù kékeré ní ìparí ọ̀kọ̀ọ̀kan ọpá rẹ̀ ni a lè pè ní lẹ́tà ẹlẹ́sẹ̀, kí èyí tí kò ní sì jẹ́ lẹ́tà aláìlẹ́sẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣàtakò lè sọ pé òkè lẹ́tà náà ní irú ìrù bẹ́ẹ̀ àti pé ẹsẹ̀ kì í wà lórí. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n lẹ́tà eléèékánná, tí ì bá dípò rẹ̀, kò lè ṣàìpa àwọn ọmọ kíláàsì lẹ́rìn-ín. Lẹ́tà dúdú ni èyí tí ọpá rẹ̀ nípọn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Lẹ́tà títẹ̀ ni èyí tí ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Àlàfo etí ìwé, àlàfo àárín ìlà, àti ìwọ̀n lẹ́tà kò nílò àlàyé. Póìntì ni a fi ń wọn lẹ́tà. Póìntì 72 ni ó wà nínú íǹṣì kan, nítorí náà lẹ́tà oní-póìntì 12 gba àyè tí ó lé díẹ̀ ní mìlímítà 4 láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ohun tí èdè Yorùbá ń béèrè lọ́wọ́ fọ́ǹtì

Láti àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn míṣọ́nnárì CMS ń wá bí wọn yóò ṣe kọ èdè yìí sílẹ̀, ni àmì abẹ́ lẹ́tà ti jẹ́ ara ìwé Yorùbá. Àwọn òǹtẹ̀wé ìgbà náà ní láti rọ lẹ́tà òjé fún un ni. Nígbà tí ẹ̀rọ taípù wọ ọ́fíìsì, púpọ̀ nínú ẹ̀rọ náà kò ní àmì wọ̀nyí, akọ̀wé a sì máa fa bébà yọ kí ó tó fi bírò tọ́ sí abẹ́ e, o àti s lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn àgbàlagbà tí ó ti ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì rí mọ bí ó ti ń sú ni tó.

Kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ náà burú sí i. Àtẹ lẹ́tà tí a fi lélẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1963 kò ní ju lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì lọ. Èyí tí àjọ ìdíwọ̀n àgbáyé gbé jáde fún èdè ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù ní ọdún 1987 ní à, á, è, é, ì, í, ò, ó, ù àti ú nínú, nítorí pé àwọn ará Ítálì, Pọ́túgà àti Faransé nílò púpọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n kò ní ẹ, kò ní ọ, kò ní ṣ. Ohun tí àwọn ènìyàn wá ń ṣe ni pé wọ́n ń ṣe fọ́ǹtì àdáṣe, níbi tí wọ́n ti yọ lẹ́tà tí Yorùbá kò lò kúrò tí wọ́n sì fi ẹ tàbí ọ sí àyè rẹ̀. Lójú kọ̀ǹpútà ẹni tí ó ní fọ́ǹtì náà, ohun gbogbo gún régé. Lójú ẹlòmíràn, wúruwùru ni.

Unicode, tí ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní ọdún 1991, ni ó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí kò yí padà láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ. Nọ́ńbà 1EB9 ni ti ẹ, 1ECD ni ti ọ, 1E63 ni ti ṣ. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wá dùn mọ́ni. Èdè orílẹ̀-èdè Vietnam pẹ̀lú ní ẹ àti ọ nínú àkọtọ́ rẹ̀, àmọ́ ohùn ni àmì abẹ́ lẹ́tà dúró fún lọ́dọ̀ tiwọn, kì í ṣe ìyàtọ̀ fáwẹ́lì. Nítorí náà, ilé-iṣẹ́ tí ó bá ṣe fọ́ǹtì fún ọjà Vietnam ti ṣe ẹ àti ọ fún Yorùbá láìmọ̀. Ṣùgbọ́n Vietnam kò ní ṣ. Ìdí nìyí tí ó fi ń ṣẹlẹ̀ pé fọ́ǹtì kan yóò kọ ẹ̀kọ́ ní ìrísí kan ṣoṣo, tí yóò sì dé orí iṣẹ́ tí ṣ inú rẹ̀ yóò dà bí àlejò tí ó wọ aṣọ ẹlòmíràn: kọ̀ǹpútà ti yá ṣ náà láti inú fọ́ǹtì mìíràn.

Ìdí kan náà ni ó fa ìṣòro kejì. Nítorí pé ohùn ni àmì abẹ́ lẹ́tà lọ́dọ̀ àwọn ará Vietnam, kò sí ìgbà tí wọn yóò tún fi àmì ohùn òkè tàbí ti ìsàlẹ̀ lé orí ẹ. Ẹ̀ àti ọ́ kò ní nọ́ńbà àdáni. Lẹ́tà méjì ni kọ̀ǹpútà ń tò pọ̀, ẹ lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà àmì ohùn tí ń fò lé e lórí. Bí a bá ka lẹ́tà ńlá àti kékeré, mẹ́jọ ni irú rẹ̀: Ẹ́, Ẹ̀, ẹ́, ẹ̀, Ọ́, Ọ̀, ọ́, ọ̀. M̀ àti m̀ tẹ̀ lé wọn. Ń, ǹ àti ḿ ní nọ́ńbà tiwọn. Fọ́ǹtì tí a kò bá kọ́ bí a ti ń gbé àmì lé orí lẹ́tà yóò gbé e sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí ó jù ú sókè réré, tàbí kí ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ lẹ́tà tí ó tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Ayépé. Orúkọ ìlú náà kò ní lẹ́tà alámì-abẹ́ kankan. É méjì tí ó wà nínú rẹ̀ wà nínú àtẹ ọdún 1987. Kò sí fọ́ǹtì tí ó wọ́pọ̀ tí kò lè kọ ọ́. Ẹni tí ó bá dán fọ́ǹtì rẹ̀ wò pẹ̀lú orúkọ ìlú rẹ̀ nìkan yóò rò pé kò séwu. Ìjẹ̀bú tí ó tẹ̀ lé e lórí ìlà kan náà ni ó ń kọsẹ̀, nítorí ẹ̀ tí ó wà láàrin rẹ̀. Orúkọ ìdílé tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, níbi tí ọnà, adé, ọ̀ṣọ́ àti oṣó ti jẹ́ ìpìlẹ̀ orúkọ. Ọnà tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ bí Ọnàbánjọ jẹ́ iṣẹ́ ọnà; ọ̀nà jẹ́ ibi tí a ń gbà lọ. Ọ̀ṣọ́ jẹ́ ohun ẹ̀yẹ. Oṣó jẹ́ ẹni tí ó ní agbára àwọn àgbà. Bí fọ́ǹtì bá jẹ àmì tán, oso ni méjèèjì ń dà, agbanisíṣẹ́ kò sì ní mọ̀ ìdílé tí ó ń bá sọ̀rọ̀.

Èwo ni kí a yàn?

Ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ fi sí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni ìlà ìdánwò kan, tí yóò tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà kí ó tó yan fọ́ǹtì èyíkéyìí:

Ẹ́ Ẹ̀ ẹ́ ẹ̀ Ọ́ Ọ̀ ọ́ ọ̀ Ṣ ṣ Ń ń Ǹ ǹ Ḿ ḿ M̀ m̀

Kí ó kọ ọ́ ní lẹ́tà lásán, kí ó sọ ọ́ di lẹ́tà dúdú, kí ó sọ ọ́ di lẹ́tà títẹ̀. Fọ́ǹtì ọ̀tọ̀ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lábẹ́ orúkọ kan, ọ̀kan sì lè yege kí èkejì kùnà. Lẹ́yìn náà kí ó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà ní ìwọ̀n tí ó fẹ́ lò, kí ó wò ó ní ìdúró apá kan. Àmì abẹ́ tí a kò bá rí ní ìwọ̀n yẹn kò ní hàn rárá nígbà tí ọ́fíìsì bá ṣe ẹ̀dà ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lórí ẹ̀rọ ìṣẹ̀dà tí yíǹkì rẹ̀ ń tán lọ.

Times New Roman ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sáré sí. Ìwé ìròyìn The Times ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni a ṣe é fún, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí lò ó níbẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 1932, lábẹ́ àbójútó Stanley Morison. Lẹ́tà ẹlẹ́sẹ̀ ni, a sì fún un pọ̀ kí ọ̀rọ̀ púpọ̀ lè wọ inú òpó ìwé ìròyìn tín-ín-rín. Arial, tí í ṣe aláìlẹ́sẹ̀, jáde ní ọdún 1982. Calibri ni Microsoft fi ṣe ìrísí àkọ́bá nínú Office ti ọdún 2007, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí fi Aptos rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 2023. Àwọn ẹ̀dà tuntun wọn ń gbìyànjú lórí lẹ́tà Yorùbá, ṣùgbọ́n ẹ̀dà àtijọ́ ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà ògbólógbòó púpọ̀, ìyẹn sì ni irú èyí tí ènìyàn sábà máa ń bá pàdé ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní ẹ̀bá ọ̀nà.

Fún iṣẹ́ tí èdè Yorùbá jẹ mọ́, àwọn ìrísí lẹ́tà tí a dìídì ṣe fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ èdè ni ó sàn jù. Charis, Doulos àti Gentium láti ọ̀dọ̀ SIL wà lára wọn. Ẹlẹ́sẹ̀ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Noto, tí Google ṣe, ní ẹlẹ́sẹ̀ ó sì ní aláìlẹ́sẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn, òfin sì gba ẹnikẹ́ni láyè láti pín wọn kiri. Àǹfààní kan tún wà tí a kì í sábà rántí. Ní orílẹ̀-èdè Benin, àwọn Yorùbá ń fi ɛ àti ɔ kọ ohun tí a ń fi ẹ àti ọ kọ ní Nàìjíríà, sh sì ni wọ́n ń lò dípò ṣ. Ẹni tí ń wá iṣẹ́ olùkọ́ ní Kétu tàbí ní Àjàṣẹ́ lè nílò àkọtọ́ méjèèjì nínú ìwé kan ṣoṣo, àwọn ìrísí lẹ́tà tí a dárúkọ wọ̀nyí sì ní méjèèjì.

Ìrísí lẹ́tà kan tó fún àkọsílẹ̀ kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí àkọlé yàtọ̀ lè fi èkejì kún un. Ẹni tí ó bá lo mẹ́rin ti ń ṣe ìwé ìkésíni ìgbéyàwó.

Títo ojú ìwé

Àṣà kan wà tí ó yẹ kí olùkọ́ Yorùbá bá wí gidigidi: fífa ìlà sí abẹ́ àkọlé. Ibi tí àṣà náà ti wá hàn gbangba. Ẹ̀rọ taípù kò ní lẹ́tà dúdú, kò sì ní lẹ́tà títẹ̀. Bí akọ̀wé bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan gba àfiyèsí, kò ní ju lẹ́tà ńlá tàbí ìlà abẹ́ lọ. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò pàdánù ohun púpọ̀ níbẹ̀. Nínú Yorùbá, orí àmì abẹ́ gan-an ni ìlà náà ń gbà kọjá. Ẹ fa ìlà sí abẹ́ Ẹ̀KỌ́ ÀTI IṢẸ́, kí ẹ wá wá àmì abẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ó wà níbẹ̀. Lẹ́tà dúdú, tàbí ìwọ̀n tí ó fi póìntì méjì ju ti ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ lọ, yóò ṣe iṣẹ́ kan náà láìpa ẹnikẹ́ni lára.

Lẹ́tà ńlá ní wàhálà tirẹ̀, nítorí pé òun ga, àmì ohùn sì tún wà lórí rẹ̀. Ọ̀ àti Ẹ́ gba àyè ní òkè, wọ́n gbà á ní ìsàlẹ̀. Bí àlàfo àárín ìlà bá há, àmì ohùn ìlà kejì yóò kan àmì abẹ́ ìlà àkọ́kọ́. Èyí tí ó burú jù ni kí a pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà pé kí àlàfo náà jẹ́ iye póìntì kan pàtó tí kò gbọdọ̀ yẹ̀; ẹ̀rọ náà yóò gbọ́ràn, yóò sì gé orí àmì ohùn kúrò. Kí a fi ìwọ̀n lẹ́tà sí 11 tàbí 12, kí àlàfo àárín ìlà jẹ́ ìlọ́po 1.15 sí 1.3, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Yorùbá ṣe ń mí. Ó hàn gbangba pé ojú ìwé Yorùbá yóò gùn díẹ̀ ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Bí àkọsílẹ̀ náà kò bá wọ ojú ewé méjì, ọ̀rọ̀ ni kí a dín kù. Ẹni tí ó dín lẹ́tà kù sí póìntì 9 ti fi àmì abẹ́ rúbọ.

Ohun mìíràn tí ẹ̀rọ taípù fi sílẹ̀ fún wa ni títẹ àlàfo léraléra kí ọdún àti orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ lè dúró ní òpó. Lórí ẹ̀rọ náà, fífẹ̀ i àti fífẹ̀ m jẹ́ ọgbọọgba, àlàfo mẹ́wàá lórí ìlà kan sì bá àlàfo mẹ́wàá lórí ìlà kejì mu. Nínú ìrísí lẹ́tà tí a ń lò nísinsìnyí, m fẹ̀ ju i lọ dáadáa. Òpó tí a fi àlàfo tò lè dúró lónìí, ṣùgbọ́n bí a bá ti yí fọ́ǹtì padà ni yóò wó. Bọ́tìnnì táàbù ni a ṣe fún iṣẹ́ yẹn. Àtẹ oníhòhò náà lè ṣe é, ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kan ń fi ẹ̀rọ ka àkọsílẹ̀ kí ènìyàn tó kà á, ẹ̀rọ náà a sì máa ka àtẹ ní ìkàkúkà, tí yóò gbé ọdún ilé-ẹ̀kọ́ kan fún ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn.

Bébà A4, tí ó jẹ́ mìlímítà 210 ní ìbú àti 297 ní gígùn, ni Nàìjíríà ń lò, àwọn ará Britain náà sì ń lò ó. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní bébà tiwọn, tí ó fi mìlímítà mẹ́fà fẹ̀ jù ú lọ tí ó sì kúrú jù ú ní nǹkan bí mìlímítà 18. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ni ó jẹ́ pé ti Amẹ́ríkà ni wọ́n ń fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá yẹ̀ ẹ́ wò yóò rí i pé ìparí ojú ewé àkọ́kọ́ rẹ̀ kò sí níbi tí ó fi í sí mọ́ nígbà tí ọ́fíìsì bá tẹ̀ ẹ́ jáde. Sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀ dára fún àlàfo etí ìwé. Ọwọ́ ẹni tí ń kà á àti ihò fáìlì nílò rẹ̀.

Ní ti ètò ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, kò pọ̀: orúkọ, àdírẹ́sì, iṣẹ́ láti èyí tí ó súnmọ́ jù lọ padà sẹ́yìn, ẹ̀kọ́ ní irú ìtò kan náà, èdè tí a gbọ́, àwọn ẹlẹ́rìí. Ní Britain, ọjọ́ orí, àwòrán àti ipò ìgbéyàwó kì í sábà sí níbẹ̀, àwọn ọmọ Yorùbá tí ń wá iṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù sì gbọ́dọ̀ yọ wọ́n kúrò nínú ẹ̀dà tí wọ́n gbé láti ilé wá.

Àkọtọ́ orúkọ nìkan ni ó gba ìrònú. Orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́ ohun tí òfin mọ̀. Bí ìwé ẹ̀rí bá pè é ní Aiyepe, kí a kọ Aiyepe nínú orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ yẹn, kí ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò má bàa rò pé ilé-ẹ̀kọ́ méjì ni. Níbi tí ó ti jẹ́ pé akọ̀wé fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ ìlú rẹ̀, Ayépé ni ó tọ́. Orúkọ ẹni pẹ̀lú kò gbọdọ̀ yàtọ̀ sí ti ìwé ẹ̀rí ní lẹ́tà, ṣùgbọ́n àmì ohùn àti àmì abẹ́ kì í ṣe àfikún lẹ́tà. Wọ́n kàn ń sọ bí a ti ń pe lẹ́tà tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Àwọn kan kò gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n ní kí a fi orúkọ sílẹ̀ bí ìwé ẹ̀rí ti kọ ọ́. Fún iṣẹ́ tí kò kan èdè, wọ́n lè jàre. Olùkọ́ Yorùbá tí kò lè fi àmì sí orúkọ ara rẹ̀ yóò ṣòro láti gbà sí iṣẹ́.

Fífi ìwé ránṣẹ́

Ká ní ọmọ Ayépé kan lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó tẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú Charis, ó sì fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí Ìbàdàn bí ó ti wà. Kọ̀ǹpútà tí ó gbà á ní Ìbàdàn kò ní Charis. Yóò wá ìrísí mìíràn fúnra rẹ̀, kò sì ní béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí èyí tí ó rí kò bá ní ṣ, àpótí òfìfo kékeré ni yóò fi dípò rẹ̀, gbogbo ojú ewé yóò sì yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a sọ ìwé náà di PDF, ọ̀nà tí Adobe gbé jáde ní ọdún 1993 tí ó sì di ìdíwọ̀n àgbáyé ní ọdún 2008. PDF lè gbé fọ́ǹtì náà sínú ara rẹ̀ lọ, bí arìnrìn-àjò tí ó di oúnjẹ rẹ̀ lọ́wọ́. Kí a sì yẹ̀ ẹ́ wò pé ó gbé e lóòótọ́, nítorí pé a lè pàṣẹ fún ẹ̀rọ pé kí ó má gbé e.

Ohun kan kù. Ọ̀nà méjì ni ènìyàn lè gbà tẹ ọ̀: ó lè tẹ ọ kí ó fi àmì ohùn kún un, tàbí kí ó tẹ ò kí ó fi àmì abẹ́ kún un. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀. Unicode kà wọ́n sí ọ̀kan náà, ó sì ní ìlànà tí a fi ń sọ wọ́n di ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìwákiri tí kò bá tẹ̀ lé ìlànà náà yóò wá orúkọ kan nínú ẹgbẹ̀rún àkọsílẹ̀ kò sì ní rí i, bẹ́ẹ̀ ó wà níbẹ̀. Kí a máa lo àtẹ bọ́tìnnì Yorùbá kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí gbogbo rẹ̀ lè jẹ́ ọ̀nà kan. Nígbà tí PDF bá ti jáde, kí a da ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọ sínú ojú ìwé òfìfo mìíràn. Ohun tí ó bá hàn níbẹ̀ ni ẹ̀rọ agbanisíṣẹ́ yóò rí. Bí Ìjẹ̀bú bá jáde bí Ìjẹ̀bú, a lè fi í ránṣẹ́. Bí ó bá jáde bí Ìje bú, fọ́ǹtì náà ni kí a pààrọ̀, kí a sì tún ìdánwò náà ṣe láti orí ìlà àkọ́kọ́.